Ọ̀rọ̀ Tí Baba Móri Kò Tíì Gbé Kalẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó rí mi ní Mákun, àdúgbò wa ní Ṣàgámù, tí kò bi mí bóyá lóòótọ́ ni àwọn ará Jàpáànù máa ń jẹ ẹja láìsè. Wọ́n ń jẹ ẹ́. Èmi náà jẹ ẹ́, mo sì wà láàyè. Ẹni tó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló fẹ́ gbọ́ ti gbọ́ ọ báyìí, ó lè máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó gbé mi lọ síbẹ̀ kì í ṣe ẹja, kì í sì í ṣe fàájì. Ọ̀rọ̀ bàbá arúgbó kan ni, tí ara rẹ̀ ti kú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku ìka kan ṣoṣo.

Orúkọ mi ni Sìkírátù. Obì ni wọ́n ń tà nílé wa láti ayé ìyá ìyá mi, èmi nìkan ni mo yà sídìí kọ̀ǹpútà, wọn ò sì tíì dárí jì mí tán. Nínú kọ̀ǹpútà, fèrèsé dúdú kan wà tí kò ní àwòrán kankan, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ sí i. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí la máa ń fi í pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ọ̀kan nínú irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àwa bíi mélòó kan káàkiri ayé la jọ ń tún un ṣe. Ohun tó mú mi dé ibẹ̀ ni àmì ohùn Yorùbá tó máa ń fò bọ́ sórí lẹ́tà tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo tún ìyẹn ṣe. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí èdè rẹ̀ kò bá hàn dáadáa nínú fèrèsé náà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Bí Baba Móri, bàbá arúgbó náà, ṣe kọ̀wé sí mi lédè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Ó ní tí òun bá ń kọ èdè òun, òun kì í rí ohun tí òun ń kọ àfi tí òun bá kọ ọ́ tán. Mo wá ọ̀rọ̀ Jàpáànù kan níbòmíràn, mo dà á kọ sínú fèrèsé náà ní yàrá mi ní Ṣàgámù, ó hàn ketekete. Mo dá a lóhùn pé mi ò rí àléébù kankan. Ó dúpẹ́. Nígbà tó ṣe, ó tún kọ̀wé, pẹ̀lú ìtẹríba kan náà, pé òun kò fẹ́ yọ mí lẹ́nu o, ṣùgbọ́n kò tíì hàn. Mo tún wò ó, mo tún sọ ohun kan náà. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Yúmi ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Ó ṣàlàyé àìsàn bàbá rẹ̀ fún mi. Ó ní kí n jọ̀wọ́ wá fi ojú ara mi rí i.

Dídé

Yìnyín ni mo kọ́kọ́ kórìíra. Kì í ṣe òtútù rẹ̀ o, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni. Ìlú náà wà létí òkun ní apá àríwá, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tí kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ kún, àwọn kan dúró, síbẹ̀ àga ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Mo gbé báàgì mi kúrò lórí rẹ̀, bóyá ìyẹn ni wọ́n ń rò. Kò sí ẹni tó jókòó. Mo ti gbọ́ ọ rí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe sí àlejò, ṣùgbọ́n gbígbọ́ kò jọ kó máa ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Ó dùn mí.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ tí mi ò mọ ibi tí mo máa gbà, bàbá kan tó ti wò mí tàánútàánú láti inú ọkọ̀ fà mí lápá ẹ̀wù, ó rìn níwájú mi títí dé ẹnu ọ̀nà tí Yúmi ti ń dúró, ó tẹrí ba, ó sì padà sínú òtútù láìsọ gbólóhùn kan. Mo rò ó títí. Àwọn tí kò fẹ́ jókòó tì mí náà ni kò jẹ́ kí n ṣìnà.

Yúmi tó mi lọ́jọ́ orí, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Òun nìkan ni mo lè fi ẹnu bá sọ̀rọ̀ nínú ilé náà. Ó bẹ̀ mí lọ́nà pé tí bàbá òun bá pẹ́ kó tó dáhùn, kí n má ṣe bá a parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Inú ilé

Ìyá Móri, ìyàwó bàbá, kéré, ó sì yára. Ó fún mi ní sálúbàtà tí wọ́n ń wọ̀ nínú ilé, ó fún mi ní òmíràn fún ilé ìgbẹ́, mo sì fi ti ilé ìgbẹ́ wọ pálọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò bá mi wí. Ó kàn wò ó, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wẹ̀, torí èmi ni àlejò. Omi gbígbóná kún inú agbada ńlá kan dé etí. Mo wẹ̀ tán, mo ṣe bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo tú omi náà dànù, mo sì fọ agbada náà mọ́. Omi gbogbo ilé ni! Ìta agbada ló yẹ kí n ti wẹ̀, kí n wá wọ inú rẹ̀ láti móoru, kí àwọn yòókù tún wọ inú omi kan náà tẹ̀lé mi. Ìyá Móri tún pọn omi mìíràn kaná, ó ní mo ṣeun tí mo bá wọn fọ ilé. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ní ti oúnjẹ, wọ́n ti mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí. Mo máa ń rí Ìyá Móri tó ń fi awò ojú ka ẹ̀yìn gbogbo ọ̀rá oúnjẹ bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣí igun kan sílẹ̀ fún mi láti máa kírun. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ń rin iṣu, iṣu tó ń yọ̀ bí ewùrà wa gan-an, inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo ní ìkọ́kọrẹ́ nìyí. Mo ń dúró kó gbé e kaná. Ó bu ìrẹsì sínú abọ́, ó da iṣu náà lé e lórí ní tútù, ó sì gbé e síwájú mi. Mo jẹ ẹ́. Ẹ má bi mí bó ṣe rí lẹ́nu.

Yàrá Baba Móri wà lápá ibi tí oòrùn ń gbà wọlé. Mo ti rò pé màá bá ẹni tó rù kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ni mo sì bá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí ti oníṣòwò. Àìsàn náà ti gba ẹsẹ̀, ó gba apá, ó gba ohùn. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún ló kù, wọ́n so kíbọọ̀dù kékeré kan mọ́ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ṣe jẹun, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fúnra rẹ̀ ṣe ètò kan sínú fèrèsé dúdú wa: ohun tó bá kọ síbẹ̀, bó bá ti tẹ Ẹ́ńtà, ẹ̀rọ á kà á sókè. Ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Kò ní òmíràn.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ìka náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. A dúró, a dúró. Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí nǹkan kan, àfi àmì kékeré tó ń ṣẹ́jú. Omi tí Ìyá Móri gbé kaná fún tíì hó. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohùn ọkùnrin kan tí kì í ṣe tirẹ̀ sì sọ ọ́ jáde. Yúmi túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ kú ọ̀nà jíjìn."

Ohun tó wà lọ́wọ́

Kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, torí orí ìyẹn ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ dúró lé. Tiwa, bí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, ó ti wọlé nìyẹn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tẹ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún, ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ dúró pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni mú obì dání tí kò tíì sọ pé òun máa rà á. Wọ́n á wò ó, wọ́n á yí i sí irú lẹ́tà tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì lè pa á rẹ́ bí ẹni pé wọn ò kọ ọ́ rí. Àfi tí wọ́n bá tẹ Ẹ́ńtà ni wọ́n tó gbé e kalẹ̀.

Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ yẹn ni fèrèsé wa kì í fi hàn. Ọ̀rọ̀ tí mo dà kọ síbẹ̀ ní Ṣàgámù, èyí tí wọ́n ti gbé kalẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí àléébù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìka kan wá lẹ́tà, tí ìka náà ń gbọ̀n, inú òkùnkùn ló wà. Bó bá ṣi ọ̀kan tẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìparí ló tó máa mọ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Mo rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí kò sì lè fọwọ́ nù ún.

Àsìkò ò sì dúró. Yúmi sọ fún mi pé àyà bàbá òun ti ń rẹ̀. Láìpẹ́, kò ní lè mí fúnra rẹ̀ mọ́, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n la ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kí wọ́n fi ẹ̀rọ sí i tí yóò máa bá a mí. Pẹ̀lú ẹ̀rọ, ó lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ìka náà máa kú, bóyá ojú náà. Bí wọ́n bá sì ti fi í sí i, wọn kì í yọ ọ́. Nítorí náà dókítà fẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bóyá ó fẹ́ ẹ. Ó ti sọ ọ́: gbogbo ìgbà tí Ìyá Móri bá bi í, ohùn inú ẹ̀rọ máa ń sọ pé ó dára. Ìyá Móri ti gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá kí àyè lè wà fún ẹ̀rọ náà. Ó máa ń nu ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ṣiṣẹ́, mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó ń jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ hàn, ńṣe làwọn lẹ́tà gun orí ara wọn, torí lẹ́tà wọn kan máa ń gba àyè méjì tiwa. Mo tún ìyẹn ṣe, ó tún ń pòórá. Ètò tó ń kàwé sókè ló máa ń tún ìlà náà kọ ní gbogbo ìgbà, fèrèsé wa sì gbà pé ohun tí a kò tíì gbé kalẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ó ń nù ún dànù. Mo kọ́ ọ pé nǹkan ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Baba Móri tẹ lẹ́tà kan, ó sì hàn, pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ òmíràn. Ó ń wò wọ́n bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti òkè òkun dé. Yúmi pàtẹ́wọ́. Mi ò ní purọ́, orí mi wú.

Ohun tí gbogbo wa rí

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Móri gbé tíì àti àkàrà adùn wọlé, a jókòó yí bẹ́ẹ̀dì ká bí ìgbà tí wọ́n ń ṣọdún. Inú rẹ̀ dùn. Ó ń sọ̀rọ̀, Yúmi ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi: tí ẹ̀rọ bá dé, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la máa gbé e sí, kí bàbá lè máa rí òkun. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó bi í bóyá bẹ́ẹ̀ dára.

Ìka náà rìn. Ọ̀rọ̀ kan dúró lójú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìlà lábẹ́ rẹ̀. Mi ò lè kà á. Ojú Yúmi ni mo kà. Ife tíì wà lọ́wọ́ Ìyá Móri, kò gbé e sẹ́nu, kò gbé e sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí ojú ibẹ̀ fi mọ́. Ó tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn, kúkúrú, ó tẹ Ẹ́ńtà. Ẹ̀rọ sọ pé, "Ó dára."

Ìyá Móri bu àkàrà adùn fún mi.

Ilé ìdáná ni Yúmi ti sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ ni pé òun kò fẹ́ ẹ̀rọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní láti ọjọ́ yìí wá, bí ìyá òun bá ti béèrè, bàbá máa ń pẹ́ gan-an kó tó dáhùn, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń jáde kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ti rò pé ìka tó ń rẹ̀ ló fà á. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó fà á báyìí. Nínú òkùnkùn fèrèsé tí a fọwọ́ wa ṣe, ọkùnrin náà ti kọ rárá, ó ti pa á rẹ́, ó ti kọ ọ́, ó ti pa á rẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀.

Ara mi kò balẹ̀. Ká ní Ṣàgámù ni, ilé ì bá ti kún: àbúrò bàbá, ẹ̀gbọ́n ìyá, ìmáàmù àdúgbò, kálukú á ti sọ tirẹ̀, wọn ì bá ti jà, wọn ì bá sì ti parí ìjà. Nílé yìí, ìyá fọ ife, ọmọ nù ún. Mo bínú sí wọn, mo bínú sí ara mi, mi ò mọ ohun tí mo ń bínú sí.

Ìyá Móri

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àti ọmọ wá bá mi níbi tí mo ti ń ká ẹní ìkírun mi. Ìyá Móri jókòó lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Mo fẹ́ gbé e dìde, Yúmi ní kí n fi í sílẹ̀.

"Màmá ń bẹ̀ yín," Yúmi sọ fún mi. "Wọ́n ní ṣé ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Àgbàlagbà tó jù mí lọ wà nílẹ̀ níwájú mi, tó ń fẹ́ kí n ba ohun tí mo tún ṣe jẹ́. Wọ́n máa ń sọ nílé wa pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ṣùgbọ́n èyí kò tíì balẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ ọlọ́wọ́. Àánú ìyá náà ṣe mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo ní kí Yúmi bá mi sọ fún wọn pé ẹnu Bàbá ni, kì í ṣe tèmi, kí wọ́n jẹ́ kí n bi Bàbá.

Mo bi í níṣojú wọn, Yúmi túmọ̀ ọ̀rọ̀ mi. Ó wo ìyàwó rẹ̀ kó tó dáhùn. Ó kọ ọ́, a jọ rí i bó ṣe ń jáde, kò pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ̀rọ sọ pé, "Kó wà bẹ́ẹ̀."

Dókítà wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo náà. Mo fẹ́ jáde, Baba Móri fojú dá mi dúró.

Ìka náà rìn. Ọ̀rọ̀ kan náà tún dúró lójú kọ̀ǹpútà, mo ti mọ ìrísí rẹ̀ báyìí bí mi ò tilẹ̀ lè kà á. Ìlà wà lábẹ́ rẹ̀. A ń retí kó tẹ Ẹ́ńtà. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìka rẹ̀ kúrò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ láìjẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Yúmi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Móri dìde, ó tún aṣọ ìbora ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ṣe, ó tún ìrọ̀rí ṣe, mo rò pé ó fẹ́ jáde kúrò ní yàrá. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ létí, Yúmi náà kò gbọ́ ọ. Ó wá na ọwọ́, ó sì tẹ Ẹ́ńtà.

"Rárá," ni ẹ̀rọ wí. "Mi ò fẹ́ ẹ."

Mo bi Yúmi ní ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú bóyá nítorí ara rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kò fi fẹ́ ẹ̀rọ náà, àbí nítorí kí wàhálà má pọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní bóyá bàbá náà kò mọ̀.

Mákun

Kò pẹ́ tí mo dé ni Yúmi kọ̀wé pé bàbá òun ti lọ, ní òwúrọ̀, ìyá òun ló wà níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti fi àtúnṣe náà sínú fèrèsé wa, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ èdè Jàpáànù lè máa rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ báyìí. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kí mi kú iṣẹ́. Mo ka ìkíni wọn, mo sì pa kọ̀ǹpútà dé.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi bó ṣe jókòó ti agbọ̀n obì, tó ń ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò nínú èyí tó dára, tó ń fi ewé bo èyí tó dára. Mo ti múra sílẹ̀ fún ohun tó máa sọ. Mo mọ̀ ọ́n, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Mo rò pé á ní kí ló dé tí obìnrin náà fi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tàbí á ní kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Obì ọwọ́ rẹ̀ kò lọ sọ́tùn-ún, kò lọ sósì.

"Ìyàwó rẹ̀ yẹn," ó ní, "ṣé ó ń jẹun báyìí?"

Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀, mi ò béèrè. Ó ní kí n lọ béèrè.